Síkáànì ò rí nǹkan kan, àmọ́ orí ọmọ mi ṣì ń fọ́

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Bàálẹ̀ ni mò ń gbé, ní Òṣogbo níbí. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, máa ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ló ń gbá. Ní Sátidé ìjẹsàn-án, wọ́n gbá kọ́nà, òun àti ọmọ kan fò sókè, wọ́n sì forí gbára. Ó ṣubú, ó dìde, kóòṣì da omi pure water sí i lórí, ó gbá bọ́ọ̀lù náà parí. Kò dákú rárá. Lóru, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ó bì lẹ́ẹ̀kan. Ní kẹ́mísìtì, wọ́n ní ibà ni, ó sì lo òògùn ibà. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, a gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi síkáànì ya orí rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, tó bá kàwé díẹ̀, orí á tún gbé e dé, inú sì ń bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ìwé ni. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni fáínà wọn, kóòṣì ò sì jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Níwọ̀n ìgbà tí síkáànì ò ti rí nǹkan kan, ṣé kó lọ gbá a? Àbí kí n kúkú gba bàtà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá? Wọ́n tún ní fìlà kan wà tó ń dáàbò bo orí, ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ẹ má jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ, torí mo mọ̀ pé kóòṣì lè tún pè yín kí ẹ tó ka èyí tán. Bàtà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nínú ohun tí ẹ kọ, gbogbo àmì ló tọ́ka sí ohun tí à ń pè ní concussion. Nígbà tí orí àwọn ọmọ méjèèjì pàdé, ọpọlọ rẹ̀ mì jìgìjìgì nínú agbárí, iṣẹ́ rẹ̀ sì dàrú fún ìgbà díẹ̀. Dókítà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú ló máa fi òǹtẹ̀ lù ú, kì í ṣe èmi tí mò ń ka lẹ́tà. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé dókítà tó mọṣẹ́ kankan máa gbọ́ ìtàn yìí, kó sì ní kí ọmọ náà wọ jẹ́sì lọ́sẹ̀ yìí.

Síkáànì yẹn ò purọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Bóyá egungun agbárí sán, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú, bóyá ọpọlọ wú: àwọn ohun tó máa ń wá nìyẹn, kò sì rí ọ̀kankan, ẹ dúpẹ́. Àmọ́ concussion kì í sábà hàn sí i, torí pé iṣẹ́ ọpọlọ ló dàrú, kì í ṣe pé ibì kan fọ́ tí ojú lè rí. Ẹ̀yin náà mọ ìgbà tí iná bá wá ní hááfù kọ́rẹ́ǹtì. Wáyà kan ò já, bọ́ọ̀bù ò jó, bí ẹ bá ya gbogbo ilé ní fọ́tò ẹ ò ní rí àbùkù kankan, síbẹ̀ fáànù ń wọ́ ẹsẹ̀, omi inú fíríìjì ò sì tutù. Nínú ọpọlọ tó mì, àwọn èròjà tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á tú síta, tìta á ya wọlé. Sẹ́ẹ̀lì á wá máa jẹ ṣúgà ní àjẹjù láti dá kálukú padà sí àyè rẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ṣúgà ọ̀hún bọ̀ ò tó bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi lè jókòó síwájú ilé kó máa bá àbúrò rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, tí nǹkan kan ò ní ṣe é, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ìwé ìṣirò síwájú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, orí á bẹ̀rẹ̀.

Ta ló wá ń mọ̀ pé concussion ni? Èèyàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi, ẹni tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà ni mo kọ́kọ́ ń wá. Báwo ló ṣe ṣubú? Ṣé ó na ọwọ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àbí ó kàn wó lulẹ̀ bí àpò? Nígbà tó dìde, ṣé ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí? Ṣé ó padà sí ibi tó yẹ kó dúró sí, àbí ńṣe ló ń wo sàn-án? Ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹnì kan fi fóònù ká eré náà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú fídíò bẹ́ẹ̀ máa ń wúlò fún mi ju síkáànì tó ná yín lówó gọbọi lọ.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ọmọ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ létí pápá ni, àwọn ìbéèrè kan wà tí kóòṣì èyíkéyìí lè bi í: Pápá wo la wà yìí? Ṣé ìdajì àkọ́kọ́ la wà ni, àbí ìkejì? Ta ló jẹ góòlù kẹ́yìn? Àwọn wo lẹ bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ẹ sì nà wọ́n? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni. Orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀ kì í tètè sọnù lọ́kàn ọmọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí yẹn ló ń sọnù. Ní yàrá àyẹ̀wò, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí kò bára tan fún un, kó kà wọ́n padà fún mi, a ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo máa ní kó ka oṣù inú ọdún láti ẹ̀yìn wá síwájú. Èdè tó fi ń kà á ní kíláàsì ni kó fi kà á o. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ìlú òde òní bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀pẹ́ kó máa bọ̀ ní Ṣẹ́rẹ́, orí ọmọ náà lè pé ṣáká kó má mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fa ìlà gígùn mítà mẹ́ta sílẹ̀, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì lọ lórí rẹ̀, kó sì padà. Ó máa dijú, á fọwọ́ lé ìbàdí, á dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó bá ti tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, tó ti gbàgbé pé mo ka nǹkan fún òun, mo tún máa bi í ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ìṣáájú yẹn.

Inú fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní SCAT6 ni gbogbo èyí wà, èyí tó jáde lẹ́yìn ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Amsterdam lọ́dún 2022. Ti ọmọ ọdún 13 sókè ni, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 12 ní tiwọn lọ́tọ̀. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, tó bá sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó lè sọ fúnni ti dínkù. Ọmọ yín ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ẹ̀yin ń rí nílé lójoojúmọ́ ló kù tí dókítà máa gbára lé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ibà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ ní Òṣogbo. Orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, oorun àsùnjù, òòyì: bí ẹ bá ka márààrún sí ẹnikẹ́ni létí láti Ìgbọ̀nà dé Òkè-Fìà, ibà ló máa sọ, pàápàá lásìkò òjò. Mi ò bá oníkẹ́mísìtì yín jà, ohun tí wọ́n sọ fún un ló fi ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ sọ fún un pé ọmọ náà forí gbá orí ọmọ mìíràn lọ́sàn-án ọjọ́ náà? Ọ̀pọ̀ òbí kì í sọ ọ́, torí àwọn fúnra wọn ò gbọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kóun gbá bọ́ọ̀lù mọ́ kò ní ròyìn délé.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ara gbígbóná. Concussion kì í mú ara gbóná. Ẹ fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ẹ̀yìn ọwọ́ díwọ̀n rẹ̀. Tó bá dé 38 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe àyẹ̀wò ibà. Kódà bí àyẹ̀wò náà bá sọ pé ibà wà, kò tíì pa ọ̀rọ̀ orí rẹ́ o. Ní agbègbè tiwa, kòkòrò ibà lè wà lẹ́jẹ̀ ọmọ kó má dá a gúnlẹ̀ rárá, ibà àti concussion sì lè jọ wà lára ọmọ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo ibà, ẹ má sì pa ojú dé sí orí. Ìdẹkùn mìíràn tún wà níbẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta la fi ń lo ọ̀pọ̀ òògùn ibà tó wà níta báyìí, concussion náà sì sábà máa ń fúyẹ́ díẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin láìlo nǹkan kan. Òògùn á wá gba oríyìn iṣẹ́ tí kò ṣe, ilé á ní ibà náà ti lọ, ọmọ á sì padà sí pápá.

Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé kò dákú. Kò yẹ kíyẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní concussion látinú eré ìdárayá, ẹni tó ń dákú kì í sábà pé ẹyọ kan. Ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2014, Christoph Kramer ti Jámánì forí sọ èjìká agbábọ́ọ̀lù Argẹntínà kan. Ó dìde, ó ń sáré kiri fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá sí i, kó tó lọ bá rẹfirí, Nicola Rizzoli, láti bi í pé ṣé fáínà ni wọ́n ń gbá yìí. Rẹfirí ló fi tó àwọn ará Jámánì létí. Pẹ̀lú gbogbo dókítà tó jókòó létí pápá Maracanã lọ́jọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo látẹnu ọmọ náà ló tú u fó. Kí la wá fẹ́ sọ nípa pápá tí kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀?

Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ìbínú òjijì wà lára àìsàn yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí iná mọ́ni lójú jù, kí ariwo kíláàsì máa dùn wọ́n lórí, kí ọmọ ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má wọlé sí i. Ọ̀lẹ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n forí gbá ara. Bí bàbá bá fẹ́ mọ̀, kó bi tíṣà rẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń ṣe sí ṣáájú Sátidé yẹn.

Kí ló burú nínú kó gbá fáínà? Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì yá bíi tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó yẹ̀ fún á bá a, á tún ṣèṣe, ohun tó yẹ kó tán lọ́sẹ̀ díẹ̀ á wá di ti oṣù. Èyí tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tó burú jáì, ni kí orí tún gba ìlù kejì nígbà tí tàkọ́kọ́ ò tíì san, kí ọpọlọ wú lójijì. Ó lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan, ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí a mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2023 fún àwọn tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù sọ pé ẹni tó ní concussion kò gbọdọ̀ padà sí ìdíje kí ọjọ́ 21 tó pé, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti dá fún ọjọ́ 14 gbáko kó tó ṣe ìgbáradì tí wọ́n ti ń kọlu ara. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, ọjọ́ 14 péré ni ìjàǹbá náà máa pé, orí ṣì ń fọ́ ọ. Kóòṣì kò ní àwíjàre. Láti 2024, òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti gba àwọn ìdíje láyè láti fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí wọ́n bá fura pé ó ní concussion, kó má sì sí lára iye àrọ́pò tí wọ́n ní.

Nísinsìnyí tí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ti kọjá, ẹ má tì í mọ́ inú òkùnkùn. Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn. Wákàtí 24 sí 48 àkọ́kọ́ nìkan la ń fi sinmi dáadáa, kí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n sì dínkù gan-an nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó máa rìn, kó bá yín lọ sọ́jà, kó máa kàwé ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sinmi, kó tún kà. Bí orí bá fọ́ ọ díẹ̀ tó sì lọ láàárín wákàtí kan, kò burú. Bó bá le, kó dẹwọ́. Ẹ lọ bá ilé ìwé pé kó má tíì máa lọ sí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó bá ti ń jókòó ní kíláàsì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìsí wàhálà la tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù: kó kọ́kọ́ máa sáré jẹ́jẹ́, kó wá fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù lóun nìkan, kó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìgbáradì tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fara kàn án, kó padà sọ́dọ̀ dókítà fún ìyọ̀ǹda, ká tó ní kó wọ ìgbáradì gidi, ká tó wá sọ ti ìdíje. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lo wákàtí 24, ó kéré tán. Parasítámọ́ọ̀lù lè dín orí fífọ́ kù, àmọ́ ọmọ tó nílò rẹ̀ kó tó lè sáré kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń sáré.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ ò ní dúró ti ẹnikẹ́ni bí ẹ bá rí i, ìbáà jẹ́ òru: èébì tí kò dáwọ́ dúró, orí fífọ́ tó ń le sí i, gìrì, kó máa rí nǹkan ní méjì-méjì, kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, kó máa sọ̀rọ̀ kátikàti, tàbí kó sùn tí ẹ jí i tí kò jí dáadáa. Ilé ìwòsàn Asubiaro ni o, ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN ni o, ẹ gbé e lọ kíákíá. Bó bá sì jẹ́ ní pápá, tí ọmọ tó ṣubú ní ọrùn ń dun òun tàbí ọwọ́ òun ń jó, kí ẹnikẹ́ni má fà á dìde. Mo ti rí àwọn tó ń fa ọrùn ọmọ nílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ń bá a tò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi ọrùn sílẹ̀. Ti ẹ má jẹ́ kó sùn tí àwọn àgbà máa ń sọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí kò sí ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí, oorun dára fún un, ẹ ṣáà má jẹ́ kó dá sùn ní yàrá lálẹ́ àkọ́kọ́.

Fìlà yẹn, ẹ má rà á. Petr Čech, gólí Chelsea àtijọ́, dé e torí agbárí rẹ̀ sán lọ́dún 2006, Osimhen náà ń lo ìbòjú torí egungun ojú rẹ̀ fọ́ ní 2021. Egungun ni nǹkan wọ̀nyí ń ṣọ́. Ọpọlọ tó ń mì nínú agbárí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé fìlà. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ jù ni kí kóòṣì dín fífi orí kan bọ́ọ̀lù kù nígbà ìgbáradì, kó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fò sókè láìju ìgúnpá. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 2015 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn ti ní kí ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ má fi orí kan bọ́ọ̀lù rárá. Gẹ̀ẹ́sì náà yọ ọ́ kúrò nínú ìgbáradì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2020, lẹ́yìn tí ìwádìí kan láti Glasgow fi hàn ní 2019 pé àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kí arúgbó ṣarán ń pa àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù àtijọ́ ní Scotland ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn o, ẹ má fi dẹ́rù ba ọmọ. Àmọ́ mo máa ń bínú tí mo bá rí ọmọ ọdún 10 tó ń fi orí gba bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 5 tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ tó le bí òkúta, tó wọ̀n tó 410 gíráàmù, ní orí ilẹ̀ yangí.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní gbogbo alẹ́, ẹ kọ bí orí ṣe fọ́ ọ tó lọ́jọ́ náà sí i, kí ló ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí, ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ń gbádùn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí orí ṣì ń fọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, kí wọ́n sì yẹ ojú àti ọrùn rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí àwọn méjèèjì náà lè máa fa orí fífọ́ bẹ́ẹ̀.